Dínámò, Tọ́ọ̀ṣì Aláfọwọ́yí àti Òkùnkùn Sábó

Tọ́ọ̀ṣì kan wà tí kì í jẹ bátìrì, tí kì í mu kẹrosíìnì, tí kì í sì í dúró de NEPA. Ó ní ọwọ́ kékeré kan tí wọ́n ká mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó á na ọwọ́ náà síta, á máa yí i bírí-bírí bí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ lọ ẹ̀gúsí, ikùn tọ́ọ̀ṣì á sì máa kùn bí oyin. Ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú méjì, iná dé. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé iná pàjáwìrì ni. Èèyàn máa ń rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ọjà láàárín mọ́tò, á rí i lórí àtẹ, á sì tún bá a nínú àpótí ẹbí kan tí wọn ò rántí ìgbà tí wọ́n rà á mọ́. Ohun tó ń ya èmi lẹ́nu ni pé ní ilẹ̀ tí iná ti ń lọ lójoojúmọ́ bíi tiwa yìí, irú tọ́ọ̀ṣì yẹn ló yẹ kó gbòde jù. Kò gbòde. Ìdí tí kò fi gbòde ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, Sábó ní Ṣágámù ni mo sì fẹ́ dúró sí láti sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ iná òun òkùnkùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní àdúgbò yẹn.

Sábó, bí gbogbo wa ṣe mọ̀, ọ̀rọ̀ Haúsá ni: sabon gari, ìlú tuntun. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìlú ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní Sábó tirẹ̀. Ti Ìbàdàn ni àwọn onímọ̀ kọ̀wé lé lórí jù. Ọdún 1969 ni Abner Cohen gbé odindi ìwé jáde lórí rẹ̀, ó ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò Haúsá ṣe fi òwò obì gbé àdúgbò kan ró. Ti Ṣágámù ò lókìkí tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n obì kan náà ló sọ ọ́ di nǹkan. Ilẹ̀ Rẹ́mọ gba gbànja dáadáa, ìyẹn obì tí àwọn ará òkè Ọya fẹ́ràn, tó yàtọ̀ sí àbàtà tí àwa ń fi bọ nǹkan. Ṣágámù fúnra rẹ̀ kò kúkú dàgbà púpọ̀: ọdún 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ mẹ́tàlá, Òfin ti Akárìgbò, Màkún, Ṣóyindó, Ìjọkù àti àwọn yòókù, kó ara wọn jọ sójú kan. Ìlú tuntun ni Sábó, nínú ìlú tí òun náà jẹ́ tuntun.

Obì kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń dì ní dídì lásán. Wọ́n á pa á, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi kí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara rẹ̀ lè bọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣà á, wọ́n á wá fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n kó má baà gbẹ. Ìṣà yẹn, iṣẹ́ ojú ni. Kòkòrò kan wà tó ń dá obì lu. Ihò bíńtín kan tí ojú fò lónìí, kí ẹrù tó dé Kano, ó lè ti ran ọ̀pọ̀. Funfun sì lówó lórí ju pupa lọ, àwọn oníbàárà ò sì ní gbà kí wọ́n da èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Bí àsìkò obì bá wọ̀, tí iṣẹ́ bá wọ òru, iná ló kù. Lábẹ́ iná pupa tó ń ti orí òwú jáde, obì funfun àti èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ a máa jọra. Nítorí náà, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń sọ̀rọ̀ dígírì tàbí wáàtì, oníṣòwò obì ti mọ̀ pé iná yàtọ̀ sí iná.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe àwọn nǹkan wọ̀nyí. Fìtílà, lọ́wọ́ Haúsá la ti gbà á. Haúsá gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá, òwú àtùpà ló sì túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn. Mẹ́gàádì, Haúsá ni, ṣùgbọ́n "gadi" inú rẹ̀, Òyìnbó ni, ẹni tó ń ṣọ́ nǹkan. Haúsá ń pe tọ́ọ̀ṣì ní tocilan, èyí tí wọ́n mú lẹ́nu Òyìnbó bí àwa náà ṣe mú tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ kan ń ti apá òkun bọ̀, òmíràn ń ti aṣálẹ̀ bọ̀, wọ́n wá pàdé lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí lóru.

Kí kẹrosíìnì tó dé, epo pupa àti àdí là ń dà sínú àwo amọ̀, a ó ti òwú bọ̀ ọ́. Kẹrosíìnì dé, fìtílà alágolo dé, láńtà onígíláàsì tẹ̀ lé e. Àwọn ọdẹ ní tiwọn ń lo àtùpà kábáìdì tí wọ́n ń so mọ́ iwájú orí: omi á máa kán tó, tó, tó sórí kábáìdì, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ ló ń jó, iná rẹ̀ funfun, ó sì ń lọ jìnnà. Bí ìyá kan bá ti mọ òórùn kábáìdì, ó ti mọ̀ pé ọkọ òun ti darí dé. Àwọn wọ̀nyẹn ni iná tó ń jó. Tọ́ọ̀ṣì yàtọ̀, torí iná tí kì í jó ni.

Ibi tó ti wá kò jìnnà. Ní 1866, Georges Leclanché ará Faransé ṣe bátìrì olómi kan. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, Carl Gassner ará Jámánì rí ọgbọ́n tó fi sọ ọ́ di gbígbẹ, tí èèyàn lè gbé e kiri láì dà sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1899, ìjọba Amẹ́ríkà fún David Misell ní ìwé àṣẹ lórí ọ̀pá kan tí wọ́n to bátìrì gbígbẹ sínú rẹ̀, tí gílóòbù wà lẹ́nu rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Conrad Hubert ló gbà á, ilé iṣẹ́ yẹn ló padà di Ever Ready. Tọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn kò lágbára, wọn kì í lè tàn pẹ́: ẹ óò tẹ̀ ẹ́, á kọ yẹ̀rì, ẹ óò sì jẹ́ kó sinmi. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ tiwa, ó ti le. Ó di ohun tí mẹ́gàádì ò gbọdọ̀ ṣaláìní, ohun tí àwọn oníṣòwò ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan tí gbogbo wa mọ̀: ó ń jẹun. Bátìrì Berec, bátìrì Tiger Head olórí ẹkùn, méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta. Bó bá ti ń kú lọ, a ó kó o sóòrùn, bóyá á jí díẹ̀. Àwọn kan á fi eyín tẹ ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò bá lówó bátìrì, irin lásán ló mú dání.

Ẹbí kejì ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, torí òun ni bàbá tọ́ọ̀ṣì aláfọwọ́yí. Ní 1831, Michael Faraday ní London rí i pé tí èèyàn bá ń mi irin òòfà nítòsí wáyà tí a ká, iná á máa sáré nínú wáyà náà. Kò sí bátìrì níbẹ̀, kò sí epo. Ìrìn ló ń di iná. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá tó wà láyé, Kainji o, Ẹ̀gbìn o, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe: nǹkan ń yí, iná ń jáde. Ó kàn jẹ́ pé omi ló ń yí ti Kainji, ooru omi tí wọ́n fi gáàsì sè ló ń yí ti Ẹ̀gbìn. Ẹni tó mú ọgbọ́n yẹn dé ẹnu ọ̀nà wa kì í ṣe ìjọba. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni.

Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ á rántí dínámò. Ìgò irin kékeré kan ni, wọ́n dè é mọ́ ọ̀pá kẹ̀kẹ́, orí rẹ̀ dà bí ìdérí ìgò. Bí alẹ́ bá lẹ́, oníkẹ̀kẹ́ á tì í kó fara kan táyà. Táyà ń yí, orí dínámò ń yí, òòfà inú rẹ̀ ń yí, iná iwájú mọ́lẹ̀. Àwọn Raleigh kan tiẹ̀ ní tiwọn nínú họ́ọ̀bù ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, kò sí ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn rárá. Àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú àpò obì lẹ́yìn, olùkọ́ tó ń ti ìpàdé bọ̀, pásítọ̀ ìjọ abúlé, gbogbo wọn ló gun irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà ilẹ̀pa ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Wàhálà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: tí kẹ̀kẹ́ bá dúró, iná kú. Tí ẹ bá dé orí òkè tí ẹ̀mí ń gùn yín, iná á di ìràwọ̀ ọ̀sán. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ wúlò fún èèyàn jù, ìyẹn ibi tó ti rẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ gan-an ni iná ti ń ṣe bí ẹni tó ń sá lọ.

Síbẹ̀ dínámò pẹ́ láàárín wa. Èrò tèmi nípa ìdí rẹ̀ ni pé kò bẹ ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ tuntun. Àgbẹ̀ yẹn ń wa kẹ̀kẹ́ lọ sílé tẹ́lẹ̀. Dínámò kàn bù díẹ̀ nínú làálàá tó ti ń ṣe bọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà sí i.

Nígbà ogun, wọ́n yọ dínámò kúrò lára kẹ̀kẹ́, wọ́n fi sọ́wọ́ èèyàn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí Jámánì gba ilẹ̀ Netherlands, bátìrì wọ́n, ìgboro sì gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn lóru kí ọkọ̀ òfúrufú ọ̀tá má baà rí i. Ilé iṣẹ́ Philips ní Eindhoven ṣe tọ́ọ̀ṣì kan tí èèyàn ń fún ní fífún: ẹ fún un, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ tún fún un. Igbe rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ lédè wọn, wọ́n ń pè é ní ológbò tí à ń fún. Ìnira ló bí i, ẹni tó sì ní ìnira kì í ṣe ìmẹ́lẹ́; wọ́n fún un títí ogun fi parí.

Lọ́dọ̀ wa, ìlérí iná yàtọ̀. Èkó ti rí iná mànàmáná ní 1896. Àjọ ECN bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Kainji ṣí ní 1969, wọ́n sì da ECN pọ̀ mọ́ àjọ tó ni Kainji ní 1972, ó di NEPA. Lójú ìran tó rí ìyẹn, tọ́ọ̀ṣì àti láńtà jẹ́ nǹkan tí a máa tó kó sí àjà. Ẹ wo ibi tó já sí. NEPA di PHCN ní 2005, wọ́n pín in tà ní 2013, ẹ̀ka ti Ìbàdàn, IBEDC, ni Ṣágámù bọ́ sí lábẹ́. Orúkọ yí padà ní ìgbà mẹ́ta, ṣùgbọ́n igbe tí àwọn ọmọdé ń ké nígbà tí iná bá dé kò yí padà: "Up NEPA!" ni títí dòní. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí NEPA ti kú ló ń ké e. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọlọ́runṣògo wà ní Pápálántó nínú ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, kò sì ní kí Rẹ́mọ má ṣókùnkùn.

Òkùnkùn méjì ló sì wà ní Ṣágámù. Èkíní ni ti NEPA, èyí tí kò sẹ́ni tó yàn án. Èkejì, àwọn èèyàn ló yàn án: òkùnkùn Orò. Lóru tí Orò bá jáde, obìnrin ò gbọdọ̀ wà níta, ojú tí kò yẹ kó rí i kò gbọdọ̀ rí i. Òfin ni òkùnkùn ní òru bẹ́ẹ̀, iná tó bá tàn síta ti kúrò ní iná lásán. Ní òru ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1999, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá padà dé, Orò jáde ní Ṣágámù. Wọ́n ní obìnrin Haúsá kan wà níta. Wọ́n pa á. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Haúsá, Sábó wà láàárín rẹ̀, ẹ̀mí ṣòfò lápá méjèèjì, ilé àti ọjà jóná. Nígbà tí ìròyìn dé Kano lóṣù kan náà, wọ́n gbẹ̀san lára àwọn Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀.

Èmi ò fẹ́ kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni tó ń fo gọ́tà. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ àṣà ni. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ìlú kan náà ni, àmọ́ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ò ka òru sí nǹkan kan náà. Fún ẹni tó ń dì obì tó máa lọ sókè Ọya, òru jẹ́ àsìkò iṣẹ́, ó ní láti tanná. Fún ẹni tó ń ṣe orò baba rẹ̀, òru ọjọ́ kan láàárín ọdún jẹ́ ibi mímọ́. Ẹni méjèèjì ti gbé pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ti ń ra obì, wọ́n ti ń ta obì fún ara wọn. Òru kan ṣoṣo ló gbà. Tọ́ọ̀ṣì ò lè tan ìmọ́lẹ̀ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn iná ní Sábó tí kò bá dárúkọ òru yẹn, ìtàn páálí ló kọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń yí nǹkan. Ní 1991, Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Trevor Baylis, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wo ètò kan lórí tẹlifíṣàn nípa bí àrùn AIDS ṣe ń ràn nílẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ní rédíò ni ì bá fi ìmọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé, ṣùgbọ́n kò sí iná, bátìrì sì wọ́n ju agbára wọn lọ. Baylis wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó fi síprìǹgì bíi ti aago àtijọ́ ṣe rédíò tí èèyàn ń wáìǹdì. Síprìǹgì ló ń pa agbára apá mọ́, tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sára dínámò kékeré. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún un ní Cape Town, àwọn abirùn wà lára àwọn tó ń to rédíò náà, Mandela pàápàá gbóríyìn fún un. Tọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé rédíò. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe é yọ síprìǹgì, wọ́n fi bátìrì kékeré tó ń gba ṣáàjì rọ́pò rẹ̀. Baylis kú ní oṣù Kẹta 2018, ó sì ti ráhùn kí ó tó kú pé àyípadà inú iṣẹ́ ọwọ́ òun kò jẹ́ kí òun rí owó tó tọ́ sí òun jẹ níbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn aláàánú ayé ti gbà pé ọwọ́ yíyí ni Áfíríkà nílò. Ní oṣù Kọkànlá 2005, níbi ìpàdé àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ní Tunis, Nicholas Negroponte gbé kọ̀ǹpútà aláwọ̀ ewé kan jáde, tí wọ́n ní wọ́n á máa fún àwọn ọmọ iléèwé orílẹ̀-èdè tí kò rí já jẹ. Ọwọ́ yíyí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kofi Annan, ọmọ Gánà, olórí àjọ náà nígbà yẹn, di ọwọ́ náà mú láti yí i lójú àwọn oníròyìn. Ìròyìn tó jáde ni pé ó já mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà náà fi máa dé iléèwé Gàlàdímà ní Àbújá fún ìdánwò ní 2007, kò lọ́wọ́ yíyí mọ́, ẹ̀rọ amúnáwá ni wọ́n fi ń ṣáàjì rẹ̀. (Ọdún yẹn náà ni LANCOR, ilé iṣẹ́ tí ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, pè wọ́n lẹ́jọ́ ní Èkó, wọ́n ní wọ́n gba ọgbọ́n bọ́tìnì ìtẹ̀wé tí àwọn ṣe kí èèyàn lè máa tẹ àmì ohùn bíi ti Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn, ṣùgbọ́n àwa tí à ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.)

Ohun tó wá gba tọ́ọ̀ṣì aláfọwọ́yí là kò ti apá ọwọ́ yíyí wá rárá. Gílóòbù ló yí padà. Ní àwọn ọdún 1990, ní Japan, wọ́n rí ọgbọ́n tí LED fi ń tan iná búlúù, láti ibẹ̀ ni funfun ti jáde. Àwọn mẹ́ta tó ṣe é, Akasaki, Amano àti Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní apá èèyàn lè mú wáàtì 4 wá láì làágùn púpọ̀, tí ìdajì rẹ̀ ṣòfò nínú jíà àti nínú bátìrì. Wáàtì 2 ló kù. Ìṣẹ́jú kan tí ẹ fi yí i, júùlù 120 ló wọlé. Gílóòbù tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ń jẹ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wáàtì: kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi máa tán. LED kékeré tó ń jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá wáàtì á lo júùlù 120 yẹn fún ogún ìṣẹ́jú. Ogún ìṣẹ́jú tó láti wá ìwé àṣẹ ilé, tó láti gbọ́mọ kúrò níbi tí omi ti ń wọlé. Iná LED sì funfun. Òun ni oníṣòwò obì ì bá bẹ̀ fún ká ní ó mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ ogún ìṣẹ́jú kò tó láti ṣa agbọ̀n obì kan. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹni tó kọ "pàjáwìrì" sára páálí, ohun tó ní lọ́kàn ni ìlú tí iná kì í lọ. Ní oṣù Kejì 2021, yìnyín bo Texas, iná lọ ní ilé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Houston jókòó sínú òtútù tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ní Japan, ìdílé tó mọ̀ pé ilẹ̀ lè mì nígbàkigbà ní rédíò aláfọwọ́yí nínú àpò tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Níbẹ̀, pàjáwìrì ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin. Ní Sábó, alẹ́ tí iná kò sí kì í ṣe pàjáwìrì, alẹ́ ọjọ́ Tuesday ni. Ta ló máa yí ọwọ́ ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú láti agogo méje títí di agogo mọ́kànlá, lóròòru, lẹ́yìn tó ti gbé agbọ̀n obì láti àárọ̀? Dínámò kẹ̀kẹ́ bù nínú làálàá tó wà nílẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì aláfọwọ́yí ní kí wọ́n tún ṣe làálàá mìíràn kún un.

Ó tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Bátìrì inú ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju bọ́tìnì aṣọ lọ. Tí wọ́n bá fi sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan láì yí i, á tú gbogbo agbára ara rẹ̀ dànù, á sì kú pátápátá. Ohun tí wọ́n ní kí ẹ gbé pa mọ́ de ọjọ́ ìpọ́njú kò ṣeé gbé pa mọ́. Jíà rẹ̀ jẹ́ ike, ọmọdé kan tó bá yí i bí ẹni ń já, ó parí. Àwọn mìíràn tiẹ̀ jẹ́ ayédèrú pátápátá: wọ́n ti bátìrì pẹlẹbẹ tí kò lè gba ṣáàjì bọ inú rẹ̀, iná á tàn fún ìwọ̀nba àsìkò bóyá ẹ yí i tàbí ẹ ò yí i, ọwọ́ yẹn kàn wà fún ẹwà ni. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Fóònù ló wá fi òpó lé e lórí. GSM dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ 2001. Ní 2003, Nokia gbé 1100 jáde, wọ́n fi iná kékeré kan sí orí rẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù 250 tí wọ́n tà káàkiri ayé. Àwa ò mọ nọ́ńbà rẹ̀, "Nokia tọ́ọ̀ṣì" la mọ̀ ọ́n sí. Ẹ rí i, ọgbọ́n dínámò náà ló tún padà wá, lọ́nà mìíràn: nǹkan tí wọ́n ti ń ṣáàjì tẹ́lẹ̀ ni, iná kàn bá a wọlé. Mẹ́gàádì tó ń fi rédíò gbọ́ BBC Hausa tẹ́lẹ̀ wá ní fóònù kan tó ń gbọ́ rédíò, tó ń pe ilé, tó sì ń tanná. Àtùpà ríchájébù tó ti China wá kún ọjà, ti olóòrùn tẹ̀ lé e. Àwọn tó rọ́wọ́ họrí ra jẹnẹrétọ̀ kékeré, títí ìjọba fi yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023 tí pẹtiróòlù fò sókè. Ní oṣù Kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A sókè sí náírà 225 fún yúnìtì kan. Ọdún yẹn kan náà, iná orílẹ̀-èdè yìí dákú ju ìgbà mẹ́wàá lọ.

Ibì kan ṣẹ́ kù tí ọ̀rọ̀ yìí kì í ti í ṣe ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn. Ní 2008, dókítà agbẹ̀bí kan láti Amẹ́ríkà, Laura Stachel, wà ní ilé ìwòsàn kan ní àríwá Nàìjíríà nígbà tí iná lọ láàárín iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí. Tọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi parí iṣẹ́ náà. Nígbà tó padà délé, òun àti ọkọ rẹ̀, Hal Aronson, ṣe àpótí kan tó ń fi oòrùn tan iná yàrá ìgbẹ̀bí, wọ́n sì ti pín in káàkiri. Kò ṣe tọ́ọ̀ṣì aláfọwọ́yí, ó sì tọ̀nà. Ẹni tó ń gbẹ̀bí ò ní ọwọ́ kẹta. Ẹni tó bá dúró tì í láti máa yí ọwọ́, apá á ro ó, iná á wálẹ̀, ní àsìkò tí ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ṣágámù ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ńlá, wọ́n sì ní ẹ̀rọ amúnáwá. Ṣùgbọ́n ọmọ púpọ̀ ni wọn kì í bí sí ilé ìwòsàn ńlá. Yàrá ilé agbẹ̀bí, yàrá ilé ìjọsìn, yàrá ìyá àgbà ni wọ́n ń bí wọn sí, ẹnì kan á sì di fóònù mú sókè pẹ̀lú iná rẹ̀, á máa gbàdúrà kí bátìrì má kú.

Tí ẹ bá fẹ́ rí ọmọ dínámò tó ṣì wà láàyè, ẹ wo okadà tó ti gbó ní òru. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, iná iwájú kì í ti ara bátìrì wá: wáyà tí wọ́n ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń fún un, pẹ̀lú òòfà tó ń yí po rẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, iná á le. Tí ó bá rọra, iná á pọ́n bí iná fìtílà. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́kadà tó bá dúró gba owó lọ́wọ́ èrò nínú òkùnkùn fi máa ń fún un níná lórí ìdúró, vúù, vúù, kó lè rí bóyá ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n fún òun tàbí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.